Ṣé ṣúgà inú omi oníyọ̀ kì í dá kún ìgbẹ́ gbuuru?

Ìyá_Tóbi
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Tóbi, ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ti ń ṣu gbuuru láti àná. Ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, wọ́n fún mi ní ọ̀rá ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n pọ̀ láti pò sínú omi), wọ́n ní tó bá tán, kí n máa po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi fún un. Ó ti ń tán lọ báyìí. Ìyá ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa wá fàáké kọ́rí. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n máa fi adùn wo inú tó ń ṣí, pé ṣúgà ló ń dá jẹ̀díjẹ̀dí sílẹ̀, kí n yáa fi iyọ̀ nìkan sómi. Àwọn náà ti tọ́ ọmọ, n ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mò ń rí wọn fín. Kí ni ṣúgà yẹn ń ṣe nínú omi náà gan-an? Ṣé mo lè yọ ọ́? Ọmọ ṣì ń mu ọmú, ó sì ń ṣeré díẹ̀díẹ̀.

Akin_Mushin
Agbára ni. Ọmọ tí kò jẹun dáadáa láti àná, kí ni yóò fi gbéra nílẹ̀? Ẹ fi ṣúgà sí i jàre.

Nọ́ọ̀sì_Àdúgbò
Ìyá Tóbi, ẹ má yọ ṣúgà o. Ẹ dákun. Omi iyọ̀ lásán kò lè rọ́pò ORS. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé á sọ ìdí rẹ̀, tèmi ni ohun tí ẹ máa ṣe báyìí.

Ife àti ṣíbí ni kí ẹ fi máa fún un, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe fídà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa ń mu 50 sí 100 mílílítà lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ọmú ò gbọdọ̀ dúró. Ṣé wọ́n fún un ní zinc? Tí wọn ò bá fún un, ẹ padà lọ béèrè: 20 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ dá kó tó di ìgbà yẹn.

Tí ojú ọmọ bá jìn sínú, tó ń sunkún tí omijé ò jáde, tí kò tọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tó ń tòògbé tí kò ṣeé jí, tí kò lè mu nǹkan mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ẹ bá fa awọ ikùn rẹ̀ sókè tí kò tètè padà sílẹ̀, ẹ má dúró ka ohun tí a ń kọ níbí. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Bísọ́lá_Ìjẹ̀bú
Màmá ò kúkú parọ́ tán o. Ẹ fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru ní mínírà kan, kí ẹ wá wo bí á ṣe máa dà jáde. Ẹ má wulẹ̀ dá ṣúgà láre báyẹn.

Tíṣà_Bàólójì
Bọ̀dá Akin, agbára tó wà nínú ṣúgà yẹn ò tó nǹkan. Nínú lítà ORS kan, 13.5 gíráàmù gúlúkóòsì, irú ṣúgà tí wọ́n lò níbẹ̀, péré ló wà. Wọn ò fi í síbẹ̀ nítorí oúnjẹ. Nítorí iyọ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, iyọ̀ náà sì wà níbẹ̀ nítorí omi. Ẹ jẹ́ n mú un láti ìsàlẹ̀.

Nínú ìfun kékeré, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà láàárín ohun tí a jẹ àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n tò síra wọn, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ojú kan kọ sí inú ìfun, ojú kejì kọ sí ẹ̀jẹ̀. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ ara, ó di dandan kó gba inú sẹ́ẹ̀lì náà kọjá, tàbí kó fún ara rẹ̀ gba àárín méjì wọn.

Awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀rá náà sì jẹ́ ìpele méjì. Lọ́dún 1925, àwọn ará Netherlands méjì, Gorter àti Grendel, yọ ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sójú omi, wọ́n wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé méjì ló lé ara wọn. Awọ yìí fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹ bá to 10,000 irú rẹ̀ lé ara, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sún mọ́ ìbú fọ́nrán irun orí kan.

Ọ́síjìn ń gba inú ọ̀rá yẹn kọjá bó ṣe wù ú. Iyọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti yọ́ nínú omi, ó ti pín sí sódíọ̀mù àti kiloráìdì, iná mànàmáná wà lára àwọn méjèèjì, ọ̀rá ò sì ń gba ohun tí iná bá wà lára rẹ̀ láyè. Gúlúkóòsì ní tiẹ̀ tóbi jù, omi ló sì fẹ́ràn, kò fẹ́ràn ọ̀rá. Purotéènì tó gún awọ yẹn já láti ojú kan dé ojú kejì ló ń mú wọn wọlé.

Èyí tó kàn wá ń jẹ́ SGLT1. Ẹ fi wé kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń gbé èrò mẹ́ta sẹ́yìn: sódíọ̀mù méjì, gúlúkóòsì kan. Bí ìjókòó kan bá ṣófo, kò ní gbéra. Sódíọ̀mù tó dé tí kò bá gúlúkóòsì níbẹ̀, ẹ̀bá títì ló máa wà. Tí wọ́n bá ti pé, ó di inú sẹ́ẹ̀lì, omi á sì tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, torí ibi tí iyọ̀ àti ṣúgà bá pọ̀ sí ni omi máa ń fà sí. Ìyá Tóbi, iṣẹ́ ṣúgà nìyẹn. Bí ẹ bá yọ ọ́, púpọ̀ nínú iyọ̀ yẹn ò ní í rí ọ̀nà wọlé, á wà nínú ìfun, á sì bá ìgbẹ́ jáde tòun ti omi.

Mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ Bísọ́lá, torí òótọ́ wà níbẹ̀.

Dàmọ́lá_Ọmọléèwé
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ta wá ni ó ń wa kẹ̀kẹ́ náà? Wọ́n kọ́ wa pé SGLT1 kì í fọwọ́ kan ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó agbára. Gúlúkóòsì inú sẹ́ẹ̀lì sì lè pọ̀ ju ti ìta lọ, síbẹ̀ ó ṣì ń tì í wọlé. Níbo ló ti ń rí agbára?

Tíṣà_Bàólójì
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, Dàmọ́lá. Sódíọ̀mù fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Níta sẹ́ẹ̀lì, sódíọ̀mù tó nǹkan bíi 140 mílímóòlù (ìwọ̀n tí a fi ń ka iye ohun tó yọ́ nínú omi) nínú lítà kan. Nínú sẹ́ẹ̀lì, kò ju bíi 10 sí 15 lọ. Inú sẹ́ẹ̀lì tún ní iná òdì tó ń fa sódíọ̀mù mọ́ra. Bí ọ̀nà kan bá ti ṣí, ṣe ni sódíọ̀mù ń ya wọlé, gúlúkóòsì tó bá a jókòó náà á bá a lọ.

Ó wá ku ẹni tó ń kó sódíọ̀mù jáde kí inú sẹ́ẹ̀lì má bàa kún. Pọ́ǹpù sódíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù ni. Ojú tó kọ sí ẹ̀jẹ̀ ló wà, kò sí lójú tó kọ sí oúnjẹ. Fún ATP kan tó bá ná, ó ń kó sódíọ̀mù mẹ́ta jáde, ó ń kó pòtásíọ̀mù méjì wọlé. Jens Skou, ará Denmark, ló rí i lára iṣan ìmọ̀lára akàn, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1957, wọn ò sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel àfi ìgbà tó di 1997. Ogójì ọdún gbáko! Pọ́ǹpù yìí nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí ara ń ná nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́.

Gúlúkóòsì ní tiẹ̀ ń gba purotéènì mìíràn, GLUT2, jáde sójú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun jókòó.

Nítorí náà, ibi tí a to nǹkan sí lójú sẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́: SGLT1 lójú kan, pọ́ǹpù àti GLUT2 lójú kejì. Bí wọ́n bá dà á rú, omi ò ní mọ ibi tí yóò lọ.

Ṣèyí_Òṣogbo
Ẹ má bínú, kò tíì yé mi. Ọmọ ń ya omi. Ìfun kún fún omi. Ẹ tún ń da omi sí i. Ṣé kì í ṣe pé ìgbẹ́ náà á tún pọ̀ sí i ni? Ìyá mi máa ń ní kí wọ́n má fún wa ní omi rárá títí á fi dá.

Dókítà_Ìfun
Ṣèyí, fífi omi du ọmọ tó ń ṣu gbuuru ló ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi yé màmá.

Ẹ wo bí ìfun ṣe ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́ fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Omi tí à ń mu àti èyí tó wà nínú oúnjẹ tó nǹkan bíi lítà 2. Itọ́, omi inú ikùn, òróòro àti omi tí ìfun fúnra rẹ̀ ń tú jáde fi nǹkan bíi lítà 7 kún un. Lítà 9 ń gba inú ìfun kọjá lójúmọ́, ohun tó ń bá ìgbẹ́ jáde kì í sábà ju 100 sí 200 mílílítà lọ. Ara ti gba gbogbo ìyókù padà. Torí náà, ìfun ń tú omi jáde, ó sì ń fà á padà, nígbà kan náà. Ìgbẹ́ gbuuru máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí títú bá borí fífà.

Onígbáméjì ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ, torí pé ó hàn kedere níbẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kì í sì í dá ọgbẹ́ sí ìfun. Oró rẹ̀ ló ń rán wọlé. Oró náà á mú kí èròjà kan tó ń jẹ́ cAMP pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, kò sì ní jẹ́ kó rọlẹ̀. cAMP yìí á wá ṣí purotéènì tó ń jẹ́ CFTR lójú tó kọ sí inú ìfun. Kiloráìdì á máa tú jáde gba ibẹ̀. Sódíọ̀mù á gba àárín sẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé e, omi á tẹ̀lé àwọn méjèèjì. Àgbàlagbà tó mú onígbáméjì tó le lè ya lítà omi kan láàárín wákàtí kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, cAMP kan náà tún ń dí ọ̀nà kejì tí sódíọ̀mù máa ń gbà wọlé láìsí gúlúkóòsì.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí: kò rí SGLT1 ṣe. Kẹ̀kẹ́ Tíṣà ṣì ń ná ọ̀nà. Bí omi ṣe ń tú jáde lọ́nà kan, ẹ lè máa fi iyọ̀ òun ṣúgà fà á padà lọ́nà ti kẹ̀kẹ́ yìí, nínú ìfun kan náà, ní wákàtí kan náà. Ìgbẹ́ lè má dá lónìí. ORS kì í ṣe oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, ẹni tó bá ń retí ìyẹn á tètè jù ú nù. Ohun tó ń ṣe ni pé omi ara ò ní gbẹ títí ara á fi lé kòkòrò náà lọ. Sẹ́ẹ̀lì ojú ìfun kì í pẹ́ láyé, láàárín bí ọjọ́ 3 sí 5 àwọn tuntun á ti rọ́pò wọn, èyí tí oró ti bà jẹ́ á ti bá ìgbẹ́ lọ.

Ọmọ_Onítàn
Ẹ jẹ́ n fi ìtàn rẹ̀ kún un. Ní oṣù kẹjọ 1960, ní Prague, Robert Crane, ará Amẹ́ríkà, ló dìde níwájú àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní sódíọ̀mù àti gúlúkóòsì jọ ń wọlé pọ̀ ni. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò lásán nìyẹn, kò sí ẹni tó rò pé yóò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là.

Lọ́dún 1968, ní Dhaka, tó wà lábẹ́ Pakistan nígbà náà, àwọn dókítà méjì, David Nalin àti Richard Cash, fún àwọn aláìsàn onígbáméjì ní omi oníyọ̀ àti gúlúkóòsì mu. Ó dín omi tí wọ́n ní láti fà sí wọn nínú iṣan kù gan-an. Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn ńlá ò kà á kún. Lójú wọn, dírípù ni ìtọ́jú.

Ogun Bangladesh bẹ́ sílẹ̀ ní 1971. Àwọn tó sá àsálà rọ́ wọ India, onígbáméjì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n ní ibùdó tó wà ní Bongaon. Dókítà Dilip Mahalanabis wà níbẹ̀, dírípù sì tán. Ó ní kí wọ́n po iyọ̀ àti gúlúkóòsì, kí wọ́n rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, kí àwọn ẹbí máa fi ife bù ú fún àwọn èèyàn wọn. Àwọn tó ń kú, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 nínú 100, wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi 4 nínú 100. Ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, kò sí nọ́ọ̀sì láàárín wọn. Lọ́dún 1978, ìwé ìròyìn oníṣègùn Lancet kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ìmọ̀ pé sódíọ̀mù àti gúlúkóòsì jọ ń wọlé jẹ́ ìtẹ̀síwájú tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìṣègùn ní ọ̀rúndún náà. Mahalanabis kú ní 2022. Ẹ bi àwọn tó wà ní títì bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Dàmọ́lá_Ọmọléèwé
Dókítà, ẹ ní sódíọ̀mù ń gba àárín sẹ́ẹ̀lì. Mo rò pé wọ́n lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́ ni?

Tíṣà_Bàólójì
Wọ́n lẹ̀ mọ́ra, àmọ́ bí wọ́n ṣe lẹ̀ mọ́ra ní ìfun yàtọ̀ sí ti ibòmíì. Nítòsí ojú tó kọ sí oúnjẹ, purotéènì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan po, ó sì so ó mọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì méjì, Farquhar àti Palade, ṣàpèjúwe ibi ìsopọ̀ yìí dáadáa ní 1963. Àwọn ará Japan, nínú yàrá àyẹ̀wò Shoichiro Tsukita, ló wá rí purotéènì tó ṣe é: occludin ní 1993, claudin ní 1998. Oríṣi claudin pọ̀. Àwọn kan ń dí ọ̀nà pa. Àwọn míì, bíi claudin-2, ń fi àyè kékeré sílẹ̀ kí sódíọ̀mù àti omi rí i gbà. Ìdí nìyí tí ìfun kékeré fi ń jò díẹ̀díẹ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì, tí àpò ìtọ̀ kò sì jò rárá. Bí ti àpò ìtọ̀ bá rí bíi ti ìfun, ìtọ̀ á máa padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Ìsopọ̀ yìí tún ń ṣe iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sáré kọjá. Awọ sẹ́ẹ̀lì kì í dúró gbagidi, purotéènì inú rẹ̀ lè rìn. Ìsopọ̀ yẹn ló dá ààlà tí SGLT1 ò fi lè rìn lọ sójú ẹ̀jẹ̀, tí pọ́ǹpù náà ò sì lè rìn wá sójú oúnjẹ. Rántí ohun tí mo sọ nípa ibi tí a to nǹkan sí.

Ìsopọ̀ mìíràn tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn. Ọ̀kan wà tó kàn ń di sẹ́ẹ̀lì mú kí ìfun má fàya nígbà tó bá ń fún oúnjẹ lọ. Òmíràn jẹ́ ihò tààrà láti inú sẹ́ẹ̀lì kan sí ìkejì: purotéènì connexin mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, wọ́n fẹnu kora. Nínú ọkàn, irú èyí ló ń jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì kí gbogbo rẹ̀ lè lù pọ̀.

Dókítà_Ìfun
Àwọn kòkòrò kan mọ claudin yìí jù wá lọ. *Clostridium perfringens*, tó máa ń pọ̀ sí i nínú ẹran àti ọbẹ̀ tí a sè ní ìkòkò ńlá tí a wá fi sílẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ di ọjọ́ kejì, claudin ni oró rẹ̀ ń dì mú kó tó dá sẹ́ẹ̀lì lu. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé ẹran àríyá relé nínú ọ̀rá, ẹ gbé e kaná kó gbóná dáadáa.

Akin_Mushin
Dókítà, ẹ fi ẹran àríyá sílẹ̀ o 😂

Bísọ́lá_Ìjẹ̀bú
Tíṣà, ẹ ṣèlérí o. Mínírà ń kọ́?

Tíṣà_Bàólójì
Mi ò gbàgbé. Ọ̀pọ̀ mínírà ní nǹkan bíi 100 gíráàmù ṣúgà nínú lítà kan, sódíọ̀mù inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ fi wé 13.5 gíráàmù tó wà nínú ORS. Kẹ̀kẹ́ ò tó, sódíọ̀mù tó máa bá ṣúgà jókòó náà ò sí, ṣúgà tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ á wà nínú ìfun, yóò wá máa fa omi láti ara sínú ìfun. Ohun tí ẹ rí nìyẹn. Ìyá ọkọ Ìyá Tóbi náà ti lè rí i rí lára ọmọ tí wọ́n fún ní nǹkan dídùn jù, wọn ò rí i lójú àlá. Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Kódà ORS àtijọ́ dùn jù. Gúlúkóòsì rẹ̀ jẹ́ 111 mílímóòlù, sódíọ̀mù 90. Láti nǹkan bí 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n dín in kù sí 75 àti 75, kí gbogbo ohun tó yọ́ nínú rẹ̀ má pọ̀ tó ti inú ẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ àwọn ọmọ dín kù pẹ̀lú tuntun yìí, èébì náà sì dín kù. Ṣúgà tí ẹ ń rà lọ́jà ní tiẹ̀ kì í ṣe gúlúkóòsì pọ́nńbélé, gúlúkóòsì kan àti fúrúkútóòsì kan ló so pọ̀. Ojú ìfun ló máa ń já wọn kúrò lára wọn kí kẹ̀kẹ́ tó gbé gúlúkóòsì.

Mama_Rónkẹ́
Láyé ìgbà tí a ń tọ́ ọmọ tiwa, orí rédíò la ti kọ́ ọ: omi ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì, ṣíbí iyọ̀ kan, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá tàbí hóró ṣúgà márùn-ún. Mo ṣì mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń gún ọ̀rọ̀ ní iyán.

Nọ́ọ̀sì_Àdúgbò
Mama, ẹ ṣé é gan-an. Ìlànà yẹn gba ọmọ là nígbà náà. Àmọ́ ìgò bíà 60 cl ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ṣíbí 3 mílílítà ni wọ́n sì sọ. Ìgò tó wà lọ́jà báyìí, 35 cl wà, 50 cl wà, 60 cl wà. Ṣíbí tíì tí ọ̀pọ̀ wa ní nílé ń gbà tó 5 mílílítà. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀: ṣíbí iyọ̀ 5 mílílítà tó tẹ́jú jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 6. Bí ìyá kan bá da ìyẹn sínú ìgò 50 cl, sódíọ̀mù rẹ̀ ti lé ní 200 mílímóòlù nínú lítà. Ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ju bíi 140 lọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè mú kí gìrì gbé ọmọ.

Nítorí náà, Ìyá Tóbi, ọ̀rá ORS ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kò wọ́n, kẹ́míìsì wọn ò jìnnà. Tí kò bá sí rárá, ẹ ṣe báyìí:
lítà omi mímọ́ kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50 cl sí lára;
ṣíbí tíì ṣúgà 6;
ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀.
Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú, kò gbọdọ̀ ga bí òkìtì. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ọmọ. Kò gbọdọ̀ ní iyọ̀ ju omijé lọ. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù kí ẹ po òmíràn. Omi tí ẹ sì fi po ọ̀rá ORS gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí wọ́n kọ sára ọ̀rá náà gan-an, ẹ má pín ọ̀rá kan sí méjì.

Ìyá_Tóbi
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bá wa dá gbogbo yín lọ́lá. Mo ka ti Màrúwá sétí wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ti àwọn agbẹjọ́rò ṣúgà. Wọ́n wá béèrè pé omi ògì ń kọ́? Pé ìyẹn ni àwọn fi máa ń tọ́jú inú.

Dókítà_Ìfun
Ẹ bá wa kí wọn. Omi ògì ò burú, tó bá ṣàn, tí iyọ̀ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Sítáàṣì àgbàdo kì í fi bẹ́ẹ̀ fa omi mọ́ra nígbà tó bá ṣì wà lódidi, gúlúkóòsì tó so pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ni. Ìfun á máa já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gúlúkóòsì á máa jáde díẹ̀díẹ̀, kì í rọ́ lù SGLT1 lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti fi ìrẹsì ṣe irú ORS bẹ́ẹ̀ ní Bangladesh, ó sì dín ìgbẹ́ onígbáméjì kù. Àmọ́ ògì láìsí iyọ̀, sódíọ̀mù ò sí nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ṣe oúnjẹ rẹ̀, kí ORS jẹ́ ORS.

Alhaja_Ìlọrin
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí jọ oògùn tí wọ́n fún ọkọ mi nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kó máa tọ ṣúgà dànù. Orúkọ tí dókítà pè jọ SGLT.

Dókítà_Ìfun
SGLT2 ni, Alhaja. Ìbátan SGLT1 ni, inú kíndìnrín ló ń gbé. Kíndìnrín máa ń sẹ́ gúlúkóòsì jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, SGLT2 á wá kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà. Oògùn yẹn ń dí i lọ́wọ́, ṣúgà á wá bá ìtọ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí oògùn yìí, phlorizin, ara igi ápù ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 1835. Tí Alhaji bá ń ṣu gbuuru tàbí tí wọ́n ń bì, kí wọ́n pe dókítà wọn nípa oògùn náà kíákíá, torí ó ń mú omi ara lọ pẹ̀lú.

Ìyá_Tóbi
Ìbéèrè kan ló kù, màmá ló ní kí n bi yín o. Omi àgbọn ń kọ́? Àgbọn wà nínú ọgbà wa.

Nọ́ọ̀sì_Àdúgbò
Ó lè mu díẹ̀ láàárín, pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru sì máa ń kó ìyẹn náà lọ. Àmọ́ sódíọ̀mù rẹ̀ kéré jù, kò lè rọ́pò ORS. Ṣé ó ti tọ̀ láti àárọ̀? Ẹ dá mi lóhùn.

Ìyá_Tóbi
Ó ti tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ma. Ìkejì ò tíì pẹ́. Bàbá rẹ̀ ti lọ wá zinc.